Ìlà Tó Kọjá Lábẹ́ Yìnyín

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa tí ẹ ní kí àwa àgbà kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ máa yàn, ẹ kú sùúrù. Mo mọ̀ pé ẹ ti ka ti Màmá tó ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ sì ti ka ti Bàbá tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì, inú yín dùn, ẹ rẹ́rìn-ín. Tèmi ò ní dùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rín, kó tètè ṣí ìwé síwájú.

Adébáyọ̀ ni orúkọ mi, ọmọ Èkìtì ni mí. Beam Park, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni mò ń gbé báyìí, nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣe ni yíya máàpù àwọn òkè tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé, ní Antákítíkà, níbi tí yìnyín ti bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ayébáyé. Mi ò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ilé onílé tí mi ò wọ̀ rí, bẹ́ẹ̀ mo máa ń ṣìnà ní Barking tó wà nítòsí ilé wa. Kò parọ́ mọ́ mi.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo ti kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ díẹ̀ nílé kí n tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Mò ń gbálẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn kan ń ya máàpù lókè wa. Mo gòkè lọ, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń wá èèyàn. Owó tí wọ́n ń san kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó dé lóṣooṣù. Ìyẹn tó.

Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá Ṣónúgà ni wọ́n ń jẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọkùnrin kúkúrú tó máa ń wọ táì lójoojúmọ́ ayé, kódà nígbà tí oòrùn bá mú tí àwọn òyìnbó ń wọ ṣòkòtò péńpé. Àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ wa ń pè wọ́n ní orúkọ àbísọ wọn gan-an, Lásún, bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi? Kí n dé ilé kí n wí pé mo pe ẹni tó tó bàbá mi lórúkọ? Ọ̀gá ni mò ń pè wọ́n, nígbà tó yá gbogbo ọ́fíìsì bá mi pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ọ̀gá ò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù. Wíwò ni mò ń wò. Ọkọ̀ òfurufú ló máa ń ya fọ́tò àwọn òkè náà láti ojú ọ̀run, fọ́tò kan á sì gun èkejì létí díẹ̀. A ó tẹ́ méjì sórí tábìlì, a ó gbé awò onídígí méjì tó ní ẹsẹ̀ lé wọn lórí. Ojú ọ̀tún á wo ti ọ̀tún, ojú òsì á wo ti òsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orí á kàn máa fọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n tó bá yá, méjèèjì á di ọ̀kan lójijì, òkè á sì dìde dúró níwájú rẹ bí ẹni pé o lè fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dìde fún mi, mo ké “Yéè!”, gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

“Good. Ó ti dìde,” wọ́n ní. “Oyá sọ fún mi, kí ló gbé e dìde?”

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wa. Yìnyín ti bo àpáta ilẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àpáta náà ṣe fọ́, bó ṣe ga, bó ṣe dẹ̀gbẹ́, kò lè gbẹ́ ilẹ̀ wò. Ìrísí èyí tó yọ síta ló máa fi mọ èyí tó fara pamọ́. Ọ̀gá kó ìwé mẹ́fà, wọ́n tò wọ́n ní ìdúró, wọ́n wá jẹ́ kí gbogbo wọn dẹ̀gbẹ́ ti ara wọn. Wọ́n ní kí n wò ó: apá kan ìwé kọ̀ọ̀kan ga ṣánṣán, apá kejì rọra ṣe gẹ̀rẹ́ sílẹ̀. Bí mo bá rí òkè tó ṣe báyìí, tí èyí tó tẹ̀ lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí n mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí ìkọ̀ọ̀kan sì ti dẹ̀gbẹ́.

Wọ́n kọ́ mi pé bí orí òkè mẹ́wàá bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí gbogbo wọn sì ga bákan náà, pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí nǹkan tó gbé e sókè láti ìsàlẹ̀. Bí márùn-ún bá wà lókè, tí márùn-ún yòókù wá rẹlẹ̀ lójijì, ojú ẹ̀là kan gba àárín wọn kọjá. Ojú ẹ̀là ni à ń pe ibi tí àpáta ti là sí méjì, tí apá kan gòkè, tí apá kejì sọ̀kalẹ̀. Odò yìnyín, ìyẹn yìnyín tó ń rọra ṣàn bí odò láàárín àwọn òkè, tó bá ń lọ tààrà láìyà sí ibì kankan, ẹ̀là ló ń tọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ̀là bá sì wọ abẹ́ yìnyín lápá òsì, a gbọ́dọ̀ wá ibi tó ti jáde lápá ọ̀tún, nítorí pé yìnyín tó bá gba orí rẹ̀ kọjá máa ń ya, yìnyín tuntun á wá bo ojú ibi tó ya náà bíi kòtò tí wọ́n da ewé lé. Ìdí nìyí tí máàpù wa kì í fi í ṣe fún ìwé kíkà nìkan. Àwọn èèyàn ń fi rìn.

“Òkè kì í parọ́,” bí Ọ̀gá ṣe máa ń wí nìyẹn. “Ojú ló ń parọ́.”

Ẹ má bi mí bóyá wọ́n le. Mo fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ya ojú ẹ̀là kan láti òkè kan dé òkè kejì, mo fa ìlà náà gbọọrọ láìjá, inú mi ń dùn. Wọ́n wá dúró lẹ́yìn mi.

“Ta ló sọ fún ẹ pé ó dé ibẹ̀?”

“Sà, ó jọ pé ó dé ibẹ̀.”

“Ó jọ! Báyọ̀, ṣé o rí i ni àbí ó jọ?”

Wọ́n mú rọ́bà, wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lójú mi. Wọ́n ní ìlà tí kò já wà fún ohun tí mo bá rí, ìlà wẹ́wẹ́ wà fún ohun tí mo bá rò, àmì ìbéèrè sì wà fún ohun tí mi ò mọ̀. “Ẹni tí ò bá lè fi question mark sórí iṣẹ́ ẹ̀, kó lọ máa wa lorry.” Mo sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ mo ti bí ọmọ méjì. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ṣí fúláàsì oúnjẹ wọn, wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, wọ́n ní kí n jẹun, pé àwa Èkìtì ò mọ̀ ju iyán lọ. Mo jẹ ẹ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà débi pé tí wọ́n bá ní kí n wẹ odò Thames kọjá, màá kọ́kọ́ bọ́ bàtà ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi máàpù wa rìn ni Dókítà Kátírìn, ọmọ Scotland, obìnrin gíga tó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Òun ni yunifásítì ń rán lọ sórí yìnyín láti lọ wo àpáta fúnra rẹ̀. Ọdọọdún ló máa ń wá sí Creekmouth kó tó rìnrìn àjò, á jókòó ti Ọ̀gá, wọn ó máa jiyàn lórí òkè bí ẹni ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá kọ́ ọ ní “Ẹ káàsán, sà”, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Lọ́dún kan, ó mú òkúta dúdú kan wá fún mi láti orí òkè tí mo yà. Ó ní ẹni tó ya òkè ló yẹ kó mọ bó ṣe wúwo tó. Ó ní ọkọ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń dúró dè é nínú mọ́tò nísàlẹ̀. Kò sí ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa tí kò fẹ́ràn obìnrin yìí.

Ó tó bí ọdún mẹ́tàlá tí mo ti wà níbẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ojú Ọ̀gá ti ń lọ.

Báyìí ni mo ṣe mọ̀. Bí èèyàn bá ṣi fọ́tò méjì yẹn tẹ́, tí ti ọ̀tún bọ́ sí òsì, gbogbo nǹkan á yí padà lábẹ́ awò: òkè á di kòtò, kòtò á di òkè. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ á ti mọ̀ kó tó di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan, mo gbé tíì lọ fún Ọ̀gá, mo wo tábìlì wọn, mo rí i pé fọ́tò ti ṣì. Ọ̀gá dojú bo awò, wọ́n ń ya òkè lọ ràì, ó sì ti lé ní wákàtí kan. Òjìji tó wà nínú fọ́tò àti ohun tí wọ́n ti mọ̀ látẹ̀yìnwá ni wọ́n fi ń tọ́ ọ̀nà. Ojú òsì wọn ti kú. Ẹni tó bá sì ní ojú kan, òkè ò lè dìde fún un mọ́ lábẹ́ awò. Bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa rí.

Mo gbé tíì sílẹ̀, mo ní, “Ọ̀gá, wọ́n ń pè yín nísàlẹ̀.” Nígbà tí wọ́n lọ, mo tún fọ́tò náà tẹ́ bó ṣe yẹ.

Kí ló yẹ kí n ṣe? Ó ku ọdún mẹ́ta kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, Rẹ̀mí ọmọ wọn ṣì wà nílé ìwé gíga, iṣẹ́ yìí nìkan ló ń gbé wọn dìde lórí ibùsùn. Ta ni èmi tí màá dúró síwájú ẹni tó là mí lójú, tí màá wí pé ojú tiwọn ti fọ́? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo bo àṣírí wọn. Àwọn ló ń fi pẹ́ńsùlù yà á, èmi ni mò ń fi yíńkì tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe ń tẹ̀ lé e ni mò ń tún un ṣe. Ibi tí wọ́n bá fo, màá fi kún un. Ibi tí ìlà bá yà, màá tọ́ ọ. Ọdún méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, orí mi sì ń wú. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mò ń hù.

Ní ọdún kẹta, Dókítà Kátírìn gbé odò yìnyín kan wá tí ẹnikẹ́ni ò tíì ya máàpù rẹ̀ dáadáa. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa gba orí rẹ̀ kọjá. Ọ̀gá ní iṣẹ́ Kátírìn yìí, àwọn fúnra àwọn làwọn máa fọwọ́ ara àwọn ṣe é, láti pẹ́ńsùlù dé yíńkì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn fi yíńkì sí i. Wọ́n ní rárá, ẹ̀bùn ni. Ní ọ̀sán Friday kan wọ́n parí rẹ̀, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, wọ́n sì lọ sílé.

Fọ́tò ṣì wà lórí tábìlì wọn. Mo tún un tẹ́, mo gbé awò lé e. Lápá òsì odò yìnyín náà, orí àwọn òkè tẹ́, wọ́n sì ga bákan náà títí dé ibì kan tí wọ́n ti já wálẹ̀ lójijì. Lápá ọ̀tún náà, wọ́n já wálẹ̀ ní ìdojúkọ ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Láàárín méjèèjì, lórí yìnyín funfun, ìlà kan wà tó tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, tín-ín-rín bí òwú, tó lọ tààrà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ojú ẹ̀là ni. Mo sáré lọ wo ẹ̀dà tí Ọ̀gá fi sílẹ̀. Wọ́n ya òkè tọ̀tún tòsì. Àárín mọ́ kedere, kò sí ìlà, kò sí àmì ìbéèrè.

Mo lè sáré lọ bá àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ kí n ní kí wọ́n dúró. Wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Mo ní kí n dúró di Monday, kí n fi ìbéèrè gbé e síwájú Ọ̀gá, bí a ti ń ṣe fún àgbà, kó lè jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n rí i.

Ìgbà tí mo dé ní Monday, Dókítà Kátírìn ti wà níbẹ̀. Ó gbé kéèkì wá. Máàpù tuntun ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi han gbogbo ọ́fíìsì, ó ń wí pé ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá mi. Ọ̀gá dúró tì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú. Ṣé ibẹ̀ ni màá ti bọ́ aṣọ lára wọn? Mo jẹ kéèkì. Ó gbá mi mọ́ra, ó sọ̀kalẹ̀, ó wọ mọ́tò ọkọ rẹ̀, wọ́n lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, mo sún mọ́ tábìlì Ọ̀gá.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ibì kan wà tí kò yé mi. Ẹ bá mi wo àárín yìnyín yìí.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n tẹ orí ba awò. Ó pẹ́. Mo ń gbọ́ tí àwọn tírélà ń kọjá nísàlẹ̀.

“Kò sí nǹkan níbẹ̀, Báyọ̀.”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Ojú mi ló ń ṣe bàìbàì.” Mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi.

Mo sọ fún ara mi pé màá kọ lẹ́tà sí obìnrin náà. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà méjì. Ní ìgbà méjèèjì, mo dé ibi tí ó yẹ kí n ṣàlàyé bí Ọ̀gá ò ṣe rí i, ọwọ́ mi dúró. Mo ní òun náà lójú, ó gbọ́n jù mí lọ, á rí i tó bá dé ibẹ̀. Ọkọ̀ wọn gbéra. Ní oṣù kejì lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan pè láti yunifásítì. Dókítà Kátírìn àti ẹnì kan gun ọkọ̀ orí yìnyín, òun ló wà níwájú. Yìnyín já lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kejì yè é. Wọn ò rí òun gbé jáde. Ibi tí wọ́n sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀, mo fi ìka mi tẹ̀ ẹ́ lórí fọ́tò. Orí ìlà yẹn gan-an ni.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Wọ́n pe èmi àti Ọ̀gá. Ọ̀gá wọ táì dúdú, wọ́n dìde, wọ́n ní, “Èmi ni mo yà á, èmi ni mo buwọ́ lù ú.” Wọn ò dárúkọ mi. Wọn ò sọ pé mo béèrè ohunkóhun. Èmi jókòó bí òkú igi. Fọ́tò kan ṣoṣo ni ìgbìmọ̀ náà yẹ̀ wò, wọn ò gbé awò lé méjì, wọ́n sì ní kò sí ẹni tó lè rí ohunkóhun níbẹ̀. Wọ́n ní kí Ọ̀gá lọ fọkàn balẹ̀. Ọ̀gá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n fi táì wọn kọ́ ẹ̀yìn àga. Wọ́n gbé àga náà fún mi.

Mo fi nǹkan bí ogún ọdún jókòó lórí rẹ̀. Nǹkan yí padà. Kọ̀ǹpútà dé, wọ́n kó pẹ́ńsùlù wa dà nù. Sátẹ́láìtì wá ń ya fọ́tò tó mọ́ ju ti ọkọ̀ òfurufú lọ, ẹ̀rọ kan sì wà báyìí tó ń gbọ́ ohùn àpáta lábẹ́ yìnyín tó jìn. Ẹ̀là tí a fi oṣù kan wá, ẹ̀rọ á fi àwọ̀ pupa kùn ún fún ọ ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ gbọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n mo máa ń le mọ́ wọn, wọ́n sì máa ń kanra sí mi, nítorí bí ọ̀kan bá ti ní “Yes, Báyọ̀” sí mi ní kíákíá jù, inú á bí mi, màá ní kó jókòó kó bá mi jiyàn. Wọ́n rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú.

Oṣooṣù ni mo ń lọ kí Ọ̀gá nílé wọn ní Castle Green. A ó sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, a ó sọ̀rọ̀ Nàìjíríà, a ó bú àwọn olóṣèlú ibí àti tọ̀hún. Ojú wọn kejì náà lọ. A ò dárúkọ Kátírìn rí. Mo máa ń múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tí mo bá wá rí wọn tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, màá rántí pé ìgbìmọ̀ ti ní kò sí ẹni tó lè rí i. Ìtùnú kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn. Bí mo bá sọ òótọ́, mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọn á gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn nìkan lọ sí sàréè. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àwọn àgbà ti wí i, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún mi pé yóò tún máa bá mi wọ bọ́ọ̀sì lóṣooṣù.

Lọ́dún tó kọjá, Rẹ̀mí pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. “Uncle Báyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá today. Daddy ń béèrè yín. The doctor said it won't be long.”

Mo bá wọn lórí ibùsùn, wọ́n ti gbẹ, wọ́n ń mí kíkankíkan.

“Ṣé Báyọ̀ ni?”

“Èmi ni, sà. Ẹ kú ìnira, sà.”

“Jókòó. Rẹ̀mí, excuse us.” Wọ́n dúró títí ilẹ̀kùn fi padé. “Monday yẹn. O ní kí n bá ẹ wo nǹkan.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ṣé ó wà níbẹ̀?”

Omi bọ́ lójú mi, mo sì dúpẹ́ pé wọn ò rí mi. Mo wo ọwọ́ wọn lórí aṣọ ìbora, ọwọ́ tó kọ́ mi ní iṣẹ́, àánú wọn ṣe mí. Mo ní, “Kò sí níbẹ̀, sà. Ìgbìmọ̀ náà ti sọ ọ́. Nobody could have seen it.”

Wọ́n ní, “Báyọ̀, o tún ti ṣe é.”

Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo ní, “Ó wà níbẹ̀, sà. Ó hàn kedere. Láti Friday ni mo ti rí i.”

“Láti Friday.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Mi ò rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mi ò rí òkè kó dìde, mi ò rí yìnyín kó tẹ̀. Mo kàn tẹ orí ba, mò ń retí kó o ní, ‘Ọ̀gá, ẹ tún un wò.’ Just once more. Mo ti pinnu pé tó o bá sọ ọ́, màá jẹ́wọ́ fún ẹ pé ojú mi ti lọ, ká pe Kátírìn padà.”

“Mo mọ̀ pé ojú yín ti lọ, sà. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti mọ̀ nígbà yẹn.”

“Èmi náà mọ̀ pé o mọ̀. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ìwọ náà ń tijú fún mi.” Wọ́n sinmi kí wọ́n tó lè bá a lọ. “Ọ̀wọ̀ la fi pa obìnrin yẹn, Báyọ̀. Èmi àti ìwọ.”

Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí ọkọ rẹ̀, kí n kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, kí n sì fi orúkọ àwa méjèèjì sí i. Mo kọ ọ́ lórí tábìlì oúnjẹ Rẹ̀mí, mo kà á sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì. Níbì kan tí mo ti kọ ọ́ pé ara wọn ò yá lásìkò yẹn, wọ́n ní kí n fagi lé e, kí n kọ ọ́ pé wọ́n fọ́jú. Mo fagi lé e. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n kú. Mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí a sin wọ́n.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ ni ọkọ Kátírìn fi kọ ọ́, gbólóhùn méjì péré. Ó ní òun dúpẹ́ pé a sọ òótọ́ fún òun. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má kọ̀wé sí òun mọ́.